Òkúta Daumier: Nígbà tí Ẹ̀fẹ̀ Di Ẹ̀rí

Àwọn tó ń kọ̀wé nípa Honoré Daumier sábà máa ń gbé Gargantua síwájú, ìyẹn àwòrán ọdún 1831 tó fi Louis-Philippe, ọba ilẹ̀ Faransé, hàn bí òmìrán alájẹkì tí wọ́n ń ru owó mẹ̀kúnnù lọ sẹ́nu rẹ̀. Wọ́n rán Daumier lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà nítorí rẹ̀. Síbẹ̀, mo gbà pé Rue Transnonain, tó yà lọ́dún 1834, ló gún ìjọba lára jù, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀.

Ìlú Paris ń gbóná lóṣù Kẹrin ọdún náà. Àwọn ṣọ́jà ní wọ́n yìnbọn sí àwọn láti ilé kan ní òpópónà Transnonain. Wọ́n já wọlé, wọ́n sì pa àwọn ayálégbé nínú yàrá wọn. Daumier kò ya ṣọ́jà kankan. Ọkùnrin kan tó wọ ẹ̀wù àwọ̀sùn ló yà, tó kú sẹ́bàá ibùsùn rẹ̀, tó ṣubú lé ọmọ kékeré kan lórí. Orí arúgbó kan yọ lápá ọ̀tún, òkú obìnrin wà nínú òkùnkùn lápá òsì. Ẹni tó bá wò ó ni yóò fúnra rẹ̀ béèrè pé, ta ló ṣe èyí?

Ẹlòmíì lè ní èso píà tí Charles Philipon, olóòtú La Caricature, sọ orí ọba dà ló lágbára jù, torí ó kún ara ògiri Paris. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá rí ọba tó di píà, á rẹ́rìn-ín, á sì bá tirẹ̀ lọ. Ta ló lè rẹ́rìn-ín kọjá lára ọmọ tí òkú wó lé?

Pẹ́ńsù ọlọ́ràá ni wọ́n fi ń ya irú àwòrán yìí sórí òkúta. Wọ́n á bomi rin òkúta náà, íńkì á wá lẹ̀ mọ́ ibi tí ọ̀rá wà nìkan. Òkúta kan lè bí àìmọye ẹ̀dà. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọlọ́pàá fi gba òkúta Rue Transnonain pẹ̀lú ẹ̀dà tí ọwọ́ wọn tẹ̀.

Òfin oṣù Kẹsàn-án 1835 ní kí àwòrán gbàṣẹ kó tó jáde, kò sì béèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ìwé kíkọ. Àlàyé ìjọba ni pé èrò ni ọ̀rọ̀, ìṣe ni àwòrán. Lójú tèmi, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù. La Caricature kógbá sílé lọ́dún yẹn kan náà, Daumier sì yíjú sí yíya àwọn lọ́yà àti onílé.