Ìkún omi Odò Ọya: ibi tí ẹja ti ń bí sí i ní ilẹ̀ Málì

Odò Ọya, tí ó ń kọjá ní Lọ́kọ́ja kí ó tó wọ òkun, ń yapa sí ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ní àárín orílẹ̀-èdè Málì. Lọ́dọọdún ni ó máa ń kún bo pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí ó wà lọ́nà Mopti sí Timbuktu. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ náà fẹ̀ ju hẹ́kítà 4,000,000 lọ, ó sì wọ inú àkọsílẹ̀ àdéhùn Ramsar, tí ó wà fún ààbò ilẹ̀ olómi lágbàáyé, ní ọdún 2004.

Orí òkè ilẹ̀ Gínì ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú òjò tí ń mú omi yìí wá ti ń rọ̀. Omi náà á rin ìrìn ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, á sì kún dé góńgó ní Mopti ní nǹkan bí oṣù kẹwàá sí ìkọkànlá, nígbà tí òjò ti dá níbẹ̀.

Inú koríko ni ilé ọmọ ẹja

Bí omi bá ti ń gòkè, ọ̀pọ̀ ẹja á fi ojú odò sílẹ̀, wọn á wọ inú koríko tí omi bò. Àrọ̀ a máa yé ẹyin lóru sínú omi tí kò jìn. Ẹyin náà á lẹ̀ mọ́ koríko, á sì pa láàárín nǹkan bí ọjọ́ kan sí méjì, láìsí ìyá tí ń ṣọ́ ọ. Ti ẹpìyà yàtọ̀: ẹnu ni abo rẹ̀ máa ń kó ẹyin àti ọmọ sí. Láàárín koríko tí wọ́n ń pè ní bourgou ni àwọn ọmọ ẹja ti ń jẹun, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ń sá pamọ́ sí.

Nígbà tí omi bá ń fà, ẹja á padà sínú odò, níbi tí àwọn apẹja Bozo àti Somono ti dẹ àwọ̀n àti ìgèrè dè wọ́n. Púpọ̀ nínú ẹja tí wọ́n ń pa ni kò tíì pé ọmọ ọdún kan. Nítorí náà, bí omi kò bá kún lọ́dún kan, kíákíá ni ọjà á ti mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ ló rí nígbà ọ̀dá ọdún 1984: ẹja wọ́n, ọ̀pọ̀ apẹja sì kó lọ sí ibòmíràn.

Omi kan, ọ̀pọ̀ oníbèérè

Ìdídò Markala, tí wọ́n parí ní 1947, ń darí omi sí oko ìrẹsì. Ìdídò Sélingué, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ń tọ́jú omi fún iná mànàmáná. Ìlú nílò méjèèjì. Ṣùgbọ́n ìgbà tí omi ń gòkè ni ìdídò ń gba omi pamọ́, ìgbà náà gan-an sì ni ẹja ń wá ibi tí yóò yé sí. Èyí ló mú kí ètò àtikọ́ ìdídò ńlá sí Fomi, ní Gínì, máa kọ àwọn tí ń gbé ìsàlẹ̀ odò lóminú.

Láti ìgbà àtijọ́ ni àwọn àgbà tí a fi ṣe olórí omi ti ń sọ ìgbà tí a lè pẹja àti ibi tí a kò gbọdọ̀ dẹ àwọ̀n sí. Àwọn abúlé kan náà sì ti tún bourgou gbìn. Iṣẹ́ wọ̀nyí ń dáàbò bo ọmọ ẹja tí a ti bí. Èyí tí a kò tíì bí, ìkún omi nìkan ló lè mú un wá.