Ta Ni Yóò Kọ Ìròyìn Ìlú Wa Sílẹ̀?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ronú lórí ìròyìn ìlú, mo rí i pé ohun kan wà tí àrọ́bá kì í gbà dúró. Àrọ́bá a máa rántí ọba, ogun àti ọdún ìbílẹ̀. Kì í rántí iye tí wọ́n ta iṣu ní ọjà, tàbí ọjọ́ tí wọ́n parí afárá. Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ fi ìtàn ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá ṣàlàyé pé irú ohun kékeré bẹ́ẹ̀ náà jẹ́ ìtàn, ó sì yẹ kí ìlú kọ̀ọ̀kan máa kọ tirẹ̀ sílẹ̀.

Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ ni mo ń gbé, ìlú wa kò sì jìnnà sí Ọ̀wọ̀ rárá. Ọ̀nà mẹ́ta ni ìròyìn ń gbà dé etí wa. Èkíní ni akéde tó ń lu agogo káàkiri àdúgbò. Èkejì ni ìkéde ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Ẹ̀kẹta ni WhatsApp. Níbẹ̀ ni a ti ń gbọ́ ọjọ́ ìmọ́tótó, ìpàdé àdúgbò, abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé, ìsìnkú, àti ewúrẹ́ tó sọnù. Ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dára, wọ́n sì yá kánkán. Àmọ́ tó bá di oṣù tó ń bọ̀, kò sí ibi tí ènìyàn lè lọ wò ó mọ́. Akéde ti kọjá lọ, ẹnu ti sọ ọ̀rọ̀ mìíràn, fóònù ti kún, wọ́n sì ti pa á rẹ́.

Mo bi ìyá àgbà mi ní ọdún tí iná mànàmáná dé àdúgbò wa. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ọdún tí a bí àbúrò bàbá rẹ ni." Mo lọ bi bàbá kan tí ilé wọn kò jìnnà sí tiwa. Wọ́n ní ọdún tí àwọn ra alùpùpù àwọn àkọ́kọ́ ni. Nígbà tí mo ṣírò ọdún méjèèjì, ọdún mẹ́rin ni ó wà láàárín wọn. Àwọn méjèèjì kò purọ́, ṣùgbọ́n kò sí ìwé tí yóò parí ọ̀rọ̀ náà. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìtàn Ọ̀rọ̀nṣẹ̀n, ayaba Ọlọ́wọ̀ Rẹ́rẹ́ngẹ́jẹ̀n, ti pẹ́ ju iná mànàmáná lọ fíìfíì, síbẹ̀ kò sí ọmọdé agbègbè wa tí kò mọ̀ ọ́n. Kí ló fà á? Ọdún Igogo ni. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń ṣe é ní Ọ̀wọ̀, tí ìlù yóò dákẹ́, tí agogo nìkan yóò máa dún. Ìtàn tí ó bá ní ọdún tirẹ̀ kì í kú. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ṣe ọdún fún iná mànàmáná, tàbí fún owó iṣu?

Abẹ́òkúta ni a ti kọ́kọ́ rí ìdáhùn. Henry Townsend, ajíhìnrere ìjọ CMS, dé ìlú náà nígbà àkọ́kọ́ ní oṣù kìíní ọdún 1843. Ní 1854 ó gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ níbẹ̀, ó sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ ìtẹ̀wé. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1859, wọ́n tẹ Ìwé Ìròhìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde. Òun ni ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní ibi tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí, èdè Yorùbá sì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni ó ń jáde. Ohun tí Townsend fẹ́ ni pé kí ó mọ́ àwọn ènìyàn lára láti máa fi ìwé kíkà wá ìmọ̀. Ní 1860 wọ́n fi abala èdè Gẹ̀ẹ́sì kún un.

Kí ni wọ́n ń kọ sínú rẹ̀? Ẹni tó dé àti ẹni tó lọ nínú àwọn oníwàásù, ìbí àti ikú, iye owó òwú, ọ̀rọ̀ àwọn ìjòyè Ẹ̀gbá, ìpolówó ọjà, àti ìròyìn ogun Ìjàyè tó bẹ̀rẹ̀ ní 1860. Púpọ̀ nínú rẹ̀ kò ju ohun tí akéde wa ń kígbe lọ. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Àwọn ẹ̀dà kan ṣì wà títí dòní, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ nípa ọjà òwú ní Abẹ́òkúta ní nǹkan bí 160 ọdún sẹ́yìn ní ibi tí yóò wò. Èmi kò ní ibi tí mo lè wo ọjà ìlú mi ti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn náà kò pẹ́ láyé. Ìjà dé láàárín àwọn Ẹ̀gbá àti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní Èkó. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1867, àwọn ènìyàn dìde sí àwọn òyìnbó oníwàásù. Wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ba ẹ̀rọ ìtẹ̀wé jẹ́, àwọn òyìnbó sì ní láti fi ìlú sílẹ̀. Ìfọ́lé ni a ń pe ìṣẹ̀lẹ̀ náà. Lójú tèmi, ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀. Èdè ìlú ni wọ́n fi kọ ìwé ìròyìn náà, ìròyìn ìlú ni ó kún inú rẹ̀, ṣùgbọ́n àlejò ló ni ín. Nígbà tí ìlú bínú sí àlejò, ìwé náà bá a lọ. Ìwé tí ará ìlú bá fi ọwọ́ ara wọn kọ, tí wọ́n sì tọ́jú sí ààfin àti ilé ẹ̀kọ́ wọn, kò ní tètè rí irú ìparun bẹ́ẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà tó mú kí ọ̀rọ̀ yìí dùn mí. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2022, àwọn agbébọn wọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St. Francis ní Ọ̀wọ̀, wọ́n sì pa nǹkan bí 40 ènìyàn. Gbogbo ayé gbọ́. Títí di ìsinsìnyí, bí ènìyàn bá wá orúkọ Ọ̀wọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọjọ́ ẹ̀jẹ̀ yẹn kì í pẹ́ yọjú. A kò gbọ́dọ̀ gbàgbé àwọn tó kú. Ṣùgbọ́n àwọn tó kú náà ní ọjọ́ mìíràn láyé wọn: wọ́n ra ọjà, wọ́n kọrin, wọ́n sọ ọmọ lórúkọ. Bí àwa fúnra wa kò bá kọ ọjọ́ wọ̀nyẹn sílẹ̀, àwọn àjèjì kò ní bá wa kọ ọ́, ọjọ́ burúkú nìkan ni wọn yóò sì fi mọ̀ wá.

Nítorí náà mo ń rọ àwọn àgbà àti ojúgbà mi. Iṣẹ́ náà kò gba ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Kí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwé ńlá kan, kí akẹ́kọ̀ọ́ méjì máa kọ ọ́ ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ní èdè Yorùbá: ohun tí akéde kéde, iye tí wọ́n ta iṣu àti gààrí, ẹni tí wọ́n bí, ẹni tó lọ, ọ̀nà tí wọ́n tún ṣe. Kí wọ́n kọ ọjọ́ sí i. Bí ọdún bá parí, kí wọ́n gbé ẹ̀dà kan lọ sí ààfin. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Ọwọ́ ara wa náà ni kí a fi kọ ìtàn ìlú wa.