Aṣọ Tí Ó Gba Púdínì Lọ́wọ́ Ìfun

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́, inú ìfun ẹran ni wọ́n máa ń rọ púdínì sí kí wọ́n tó sè é. Nítorí náà, ẹni tí kò rí ẹran pa, ó ṣòro kí ó tó rí púdínì jẹ. Lẹ́yìn ọdún 1600 ni fífi aṣọ dì í gbilẹ̀, bí àwa ti ń fi ewé pọ́n ọ̀lẹ̀. Ìyẹ̀fun, ọ̀rá ẹran àti èso gbígbẹ tó. Tálákà pẹ̀lú bẹ̀rẹ̀ sí sè é. Ní 1845, Eliza Acton kọ bí a ti ń se ti Kérésìmesì sínú ìwé rẹ̀. Wọ́n a máa sè é sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ṣáájú ọdún. Lóde òní, ó ń gbé inú fíríìsà, bí a bá sì tún un gbé kaná, adùn rẹ̀ kò yẹ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn, ẹ má ṣe fi ojú tín-ín-rín wo aṣọ ilé ìdáná.