Ìrìn-àjò Iyeré àti Kọ́rì dé Ìdí Ààrò Wa

Bí ó bá jẹ́ pé inú ilé ìdáná ni ẹ ti ń gbọ́ mi, ẹ má wulẹ̀ kúrò níbẹ̀, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ mi ń lọ. Mo bẹ̀ yín, ẹ ṣí agolo tí ẹ ń kó èròjà ọbẹ̀ sí, kí ẹ wò ó. Bí ẹ bá ń gbé Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó bíi tèmi, mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé ẹ óò bá kọ́rì níbẹ̀, ẹ óò bá táìmù, ẹ óò bá atalẹ̀ lílọ̀ àti aáyù. Àlùbọ́sà kò ní jìnnà. Ó lè jẹ́ pé kànáfùrù pàápàá wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n iyeré ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ iyeré yìí ni ó lé mi dé ìdí ìwé ìtàn. Ní ọdún bí mélòó kan sẹ́yìn, mo ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní oúnjẹ sísè. Ní ọjọ́ ìdánwò, mo ní kí olúkúlùkù wọn se ọbẹ̀ adìẹ. Gbogbo wọn ni ó da kọ́rì àti táìmù sí i gẹ́gẹ́ bí mo ti kọ́ wọn, àfi ẹnì kan. Ọmọ náà, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà ní Oǹdó ni ó ti dàgbà. Iyeré àti èèrù ni ó lọ̀ sí tirẹ̀. Ọbẹ̀ náà dùn, èmi kò ní purọ́. Síbẹ̀ mo yọ máàkì kúrò lára tirẹ̀, mo sì sọ fún un pé ọbẹ̀ abiyamọ ni ó sè, pé kì í ṣe irú èyí tí a ń gbé ka iwájú olùdánwò. Ọmọ náà kò bá mi jiyàn. Ó kàn kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Ohun tí ìyá àgbà fi ń sè é nìyẹn." Nígbà tí mo wá ka ìtàn tí mo fẹ́ sọ fún yín lálẹ́ òní tán, ojú tì mí.

Ní ọdún 1486, Potogí kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ João Afonso de Aveiro dé ìlú Ìbíní. Nígbà tí ó ń padà sí ilé, ikọ̀ tí Ọba Ìbíní rán sí ọba Pọ́túgà bá a lọ, ó sì gbé ata kan dání tí wọn kò tíì rí irú rẹ̀ láti etíkun ilẹ̀ wa rí. Ata onírù ni àwọn Potogí sọ ọ́ ní èdè wọn, nítorí igi tín-ín-rín tí ó máa ń wà ní ìdí èso rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣa iyeré rí, ẹ mọ ìrù yẹn dáadáa. Iyeré wa ni. Wọ́n fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí Flanders, tí ó wà ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù òde òní, kí àwọn oníṣòwò ibẹ̀ tọ́ ọ wò. Wọ́n sì kọ́ ilé ìṣòwò sí Ughoton, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gúnlẹ̀ fún Ìbíní.

Ó yẹ kí a mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe wàhálà tó báyìí lórí ata. Nígbà náà, ata dúdú tí àwọn olówó Yúróòpù ń jẹ, láti Íńdíà ni ó ti ń wá. Àwọn Lárúbáwá a gbé e la òkun kọjá dé Íjíbítì, àwọn ará Venice a rà á ní Alẹkisáńdríà, wọn a sì gbé e kọjá Òkun Mẹditaréníà. Gbogbo ọwọ́ tí ó bá kàn ni ó ń fi owó lé e. Potogí kò sí nínú òwò yẹn, ìdí nìyẹn tí iyeré fi dùn mọ́ wọn nínú: ata dé, kò sì gba ọwọ́ Venice kọjá.

Ayọ̀ náà kò pẹ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1498, Vasco da Gama fi ọkọ̀ yí ilẹ̀ Áfíríkà po, ó sì dé Calicut ní Íńdíà. Láti ìgbà náà, ọba Pọ́túgà fúnra rẹ̀ di oníṣòwò ata Íńdíà. Ata Íńdíà àti iyeré, ìdílé kan náà ni wọ́n. Èyí fi díẹ̀ yàtọ̀ sí èkejì ni. Ọba wò ó pé bí iyeré bá ń wọ ọjà, yóò ba owó òun jẹ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn ọdún 1500 tí ó fi òfin de òwò iyeré, ọjà Yúróòpù sì ti mọ́ ọn. Kì í ṣe pé wọ́n jẹ ẹ́ kí wọ́n ní kò dára. Òfin ni ó dá a padà sí igbó.

Igbó tí mo wí yìí, ẹ má rò pé ti Ìbíní nìkan ni. Igbó kan náà ni ó na láti Ìbíní gba Ọ̀wọ̀ títí dé Àkúrẹ́ àti Oǹdó, iyeré a sì máa fà gun igi nínú rẹ̀. Láyé àtijọ́, Àkúrẹ́ ni ibùdó àwọn oníṣòwò Ìbíní tí ń ná ọjà apá ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn ìlú Déjì mọ bí àjọṣe wọn ti pẹ́ tó. Nítorí náà, nígbà tí mo ń yọ máàkì ọmọ ọlọ́mọ, ata tí ọba òkèèrè bẹ̀rù ni mo ń pè ní ohun tí kò yẹ fún ìdánwò.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan kún un nípa ata tí a ń jẹ lójoojúmọ́. Ata rodo, ata ṣọ̀ǹbọ̀ àti tòmátì, láti Amẹ́ríkà ni wọ́n ti wá, lẹ́yìn tí Columbus dé ọ̀hún ní 1492. Ọkọ̀ Potogí ni ó gbé ata yìí kiri. Òun ni ó gbé e dé etíkun wa, òun náà ni ó gbé e dé Íńdíà. Ọbẹ̀ Íńdíà tí ń ta lẹ́nu lónìí, kò ní ata pupa nínú kí Potogí tó débẹ̀. Ní tèmi, mo rò pé orúkọ náà, ata, ti wà lẹ́nu wa ṣáájú kí àlejò yìí tó dé. Ṣé ẹ kò rí i pé ó wà nínú ataare, ó sì wà nínú atalẹ̀? Àlejò ni ó jogún orúkọ onílé.

Ọ̀nà kejì tí èròjà gbà dé ọ̀dọ̀ wa ni ọ̀nà Òkè Ọya, ọ̀nà yìí sì kún fún ọ̀rọ̀ Lárúbáwá. Àlùbọ́sà, ọ̀dọ̀ Hausa ni a ti gbà á, Hausa sì gbà á lọ́wọ́ Lárúbáwá tí ń pè é ní al-basal. Kànáfùrù náà ṣe bẹ́ẹ̀; qaranful ni Lárúbáwá ń pè é. Erékùṣù Maluku ní Indonéṣíà ni ilé rẹ̀ gan-an, kí wọ́n tó wá gbìn ín lọ́pọ̀ yanturu sí Zanzibar ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ẹ wo bí ó ti rìn tó kí ìyá arúgbó kan tó jù ú sẹ́nu nítorí eyín dídùn!

Obì ni àwọn Hausa ń wá lọ sínú igbó wa. Lẹ́yìn náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí da màlúù wá. Màlúù ńlá oníké kò lè pẹ́ nínú igbó Oǹdó àti Àkúrẹ́ nítorí eṣinṣin tsetse tí ń fi àìsàn sí i lára. Nítorí náà, èyí tí a bá fẹ́ jẹ ni a gbọ́dọ̀ mú wá láti òkè, ìgbà kan wà tí wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn wá, lónìí ọkọ̀ akẹ́rù ni. Ẹni tí ó mọ màlúù mú ni ó sì mọ bí a ti ń pa á. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ alápatà fi bọ́ sí ọwọ́ àwọn mùsùlùmí ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú Yorùbá, títí kan ibi tí Kristẹni ti pọ̀ jù wọ́n lọ bíi tiwa yìí.

Àwọn kan ń bi mí pé kí ni ń jẹ́ ẹran hàláàlì. Kò le. Ẹran tí ó wà láàyè ni a ó mú, a ó dárúkọ Ọlọ́run lé e lórí, a ó fi ọ̀bẹ mímú dú u lọ́fun lẹ́ẹ̀kan, a ó sì jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dà nù. Òkú ẹran, ẹ̀jẹ̀ àti ẹlẹ́dẹ̀ jẹ́ èèwọ̀. Ó wà nínú Súrà karùn-ún, ẹsẹ kẹta. Kí Kristẹni tó rẹ́rìn-ín, kí ó ṣí Ìṣe Àwọn Àpọ́stélì orí kẹẹ̀ẹ́dógún. Yóò rí i pé àwọn àpọ́stélì pẹ̀lú ní kí àwọn onígbàgbọ́ fà sẹ́yìn kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran tí a lọ́ lọ́rùn pa.

Àwa kò tilẹ̀ sọ ọ́ di ìjà. Bí Kristẹni bá fẹ́ ṣe ìyàwó tàbí kí ó sin òkú bàbá rẹ̀, tí ó sì ra màlúù, mùsùlùmí ni yóò pè kí ó wá dú u, nítorí àna, aládùúgbò àti ẹgbẹ́ tí ó ń bọ̀ wá jẹun. Kò sí ẹni tí ó kọ òfin yẹn sílẹ̀. Bí Iléyá bá sì dé, abọ́ ẹran àgbò a máa wọ ilé olórí ìjọ. Mo mọ alàgbà kan tí ó máa ń fi ọjọ́ Iléyá sí ìwé ìrántí rẹ̀ ju ọjọ́ ìpàdé ìjọ lọ.

Ẹ wá wo súyà. Yájì tí wọ́n ń fi pa á, kúlíkúlí ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, atalẹ̀ wà níbẹ̀, ata gbígbẹ àti kànáfùrù wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ a sì máa fi kimba sí i. Kí ni ń jẹ́ kimba? Èèrù ni! Èèrù inú igbó wa, tí ó gòkè lọ sí ilẹ̀ Hausa, tí ó sì gbé agbádá wá sílé. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí yóò ní ọbẹ̀ ìyá òun ń rùn bí àgbo, òun ni yóò dúró ti olóṣùyà ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, tí yóò ní kí wọ́n bu yájì sí i dáadáa.

Ó ku kọ́rì. Ọ̀nà òkun ni ti èyí, ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì gbà wá. Ní Íńdíà, ìyàwó ilé ni ń po èròjà tirẹ̀, ti ẹja yàtọ̀ sí ti ẹran. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ó ti ibẹ̀ bọ̀ ni wọ́n fẹ́ nǹkan kan ṣoṣo tí a lè bù láti inú agolo. Láti 1747 ni Hannah Glasse ti kọ bí a ṣe ń se ọbẹ̀ Íńdíà sínú ìwé ní Lọ́ńdọ̀nù. Atalẹ̀ pupa ni ó fún kọ́rì ní àwọ̀. Cumin, coriander àti fenugreek tí ó wà nínú rẹ̀, ẹ̀bá Òkun Mẹditaréníà ni ìran wọn ti ṣẹ̀ kí wọ́n tó di ọmọ Íńdíà. Ibẹ̀ náà ni táìmù ti wá. Ìjọba àmúnisìn, ilé ìtajà òyìnbó àti ilé-ẹ̀kọ́ bíi tiwa ni wọ́n gbé wọn dé ìdí ààrò. Àwọn oníṣòwò Íńdíà fúnra wọn wà ní Èkó. Chellaram ti ń tajà ní Nàìjíríà láti 1923. Àwọn ará Lẹ́bánónì tí a ń pè ní Kòráà ti ṣáájú wọn dé. Láti 1943, àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lọ sógun Bọ́mà gba Íńdíà kọjá, wọ́n sì rí ilé kọ́rì kí wọ́n tó padà. Síbẹ̀, kọ́rì alágolo ti Gẹ̀ẹ́sì ni ó jókòó sí ilé wa, kì í ṣe ti Íńdíà.

Èmi kò bá kọ́rì jà o. Mo ń sè é, ìrẹsì ọjọ́ Àìkú kì í dùn mọ́ mi lẹ́nu láìsí i. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé ní Ọjà Ọba Àkúrẹ́, kọ́rì wà lórí àtẹ ẹlérojà, ó ń dán yanran. Iyeré wà lọ́dọ̀ lẹ́kùlẹ́jà, láàrin egbògi àti èèpo igi, bí ẹni pé aláìsàn nìkan ni ó ń wá a.

Ní ọjọ́ Sátidé tí ó kọjá, mo yà sọ́dọ̀ ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà, mo ní kí wọ́n wọn iyeré fún mi. Wọ́n gbé ojú sókè, wọ́n ní, "Ẹ kú oríire o, ìyá tísà. Ta ni ó bímọ?"

Mo ní, "Kò sí ẹni tí ó bímọ, mà. Ọbẹ̀ adìẹ ni mo fẹ́ sè."

Wọ́n wò mí títí, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fi ọwọ́ bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e gẹ́gẹ́ bí èènì.