Owó Oṣù, Owó Ìfẹ̀yìntì àti Òmìnira Òṣìṣẹ́

Níbi ìpàdé wa tó kọjá, ọ̀kan nínú wa tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní: "Ọ̀rẹ́ mi, ṣé kí n kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, kí n lọ dá tèmi sílẹ̀?" Èmi tí mo ń fi ọ̀rọ̀ jẹun, n ò rí èsì fọ̀. Ìtàn ni mo padà lọ bi.

Akọ̀wé ìjọba ni bàbá bàbá mi. Ó mọ fọ́tò yà, àmọ́ kò ṣí ṣọ́ọ̀bù rí. Ó ní iṣẹ́ ọba ò gbà bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1979 sọ ọ́, ti 1999 náà sì tún un sọ, pé òṣìṣẹ́ ìjọba ẹlẹ́nu-iṣẹ́-ojoojúmọ́ kò gbọdọ̀ máa ṣòwò tara rẹ̀. Iṣẹ́ àgbẹ̀ nìkan ni wọ́n yọ̀ǹda. Kí ni Bàbá wá gbà dípò? Owó oṣù tí kì í yẹ̀, àti owó ìfẹ̀yìntì, èyí tí òfin rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1951. Ṣebí ìdí nìyí táwọn òbí fi ń gbàdúrà pé kọ́mọ àwọn ríṣẹ́ ọba.

Ọjà náà dùn nígbà owó Údójì. Ìgbìmọ̀ tí Jerome Udoji ṣe alága rẹ̀ jábọ̀ ní 1974, ìjọba Gowon fowó kún owó, ó sì san èyí tó ti kọjá pa pọ̀. Ẹni ra rédíò, ẹni ra mọ́tò. Kò pẹ́ tí gbogbo nǹkan fi gbówó lórí.

Nígbà tó di 29 July 1975, Murtala Muhammed gorí àlééfà. Láàárín oṣù díẹ̀, òṣìṣẹ́ tó lé ní 10,000 ni ìjọba lé tàbí tó ní kó fẹ̀yìn tì, àtọ̀gá àtọmọọṣẹ́. Wọ́n ní òmíràn ti darúgbó, òmíràn ń ṣàìsàn, òmíràn ò mọṣẹ́, òmíràn jalè. Ẹlòmíràn wà nílé tó gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ lórí rédíò.

Bàbá sọ fún wa pé nígbà náà, bí àkókò ìròyìn bá tó, oúnjẹ kì í lọ lọ́fun òun. Wọn ò pe orúkọ rẹ̀. Àmọ́ ọdún yẹn gan-an ló ra ilẹ̀, tó gbin ọ̀pẹ. Ó ti yé e pé ẹni tó fún èèyàn ní ìfọ̀kànbalẹ̀ lè gbà á padà.

Ayé ti yí báyìí. Láyé Bàbá, ẹni tó bá fiṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ láìpé iye ọdún tí òfin là sílẹ̀, òfo ló máa mú lọ. Òfin 2004 yí ìyẹn padà: òṣìṣẹ́ ń dá, ẹni tó gbà á síṣẹ́ náà ń dá. Òfin 2014 sọ ọ́ di 8 nínú 100 láti ọwọ́ òṣìṣẹ́, 10 láti ọwọ́ ẹni tó gbà á. Orúkọ òṣìṣẹ́ ni owó náà wà, ibi tó bá lọ ló ń bá a lọ. Kì í ṣe gbogbo ìpínlẹ̀ ló tíì ṣe é délẹ̀ o, ẹ wádìí tiyín. Láti 2019, wọ́n ti ṣí ọ̀nà fún télọ̀, mẹkáníìkì àti ìyá ọlọ́jà náà láti máa dá tiwọn.

Ọ̀rẹ́ mi, èsì rẹ rè é. Bó o bá fẹ́ lọ, máa lọ, àmọ́ má dáwọ́ dídá owó náà dúró. Bó o bá sì fẹ́ dúró, gbin ọ̀pẹ tìrẹ. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ká tún pàdé láyọ̀ o.