Ta ló máa jẹ́rìí fún ìyá alágbo?

Ẹ jókòó, ìtàn yìí kan gbogbo ẹni tó ti mu àgbo rí.

Ní 1995, ọ́fíìsì páténtì Amẹ́ríkà fún Yunifásítì Mississippi ní páténtì lórí fífi ata ilẹ̀ pupa wo egbò. Páténtì ni ìwé ìjọba tó ní ìwọ nìkan ló láṣẹ lórí nǹkan náà fún ọdún bíi mélòó kan. Ata ilẹ̀ pupa kẹ̀! Ní Íńdíà, ìyá wo ni ò mọ̀ pé wọ́n ń fi í sójú egbò?

Àmọ́ "gbogbo wa la mọ̀ ọ́n" kì í ṣe ẹ̀rí. Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà nígbà yẹn, ohun tí wọ́n ń lò lókè òkun ò já mọ́ nǹkan àfi tó bá wà nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ tàbí nínú páténtì. Ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá àgbà ò tó. (Ibẹ̀ yẹn bí mi nínú.)

Ni CSIR, àjọ ìwádìí sáyẹ́ǹsì Íńdíà, bá lọ tú ìwé. Ẹ̀rí 32 ni wọ́n kó jọ: Sanskrit, Urdu, Hindi, títí kan àpilẹ̀kọ àwọn dókítà Íńdíà kan ti 1953.

Ọ̀nà méjì lèèyàn lè fi wó páténtì bẹ́ẹ̀. Bóyá ìwé kan ṣoṣo ti sọ gbogbo ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Tàbí kẹ̀, kò síwèé tó sọ ọ́ tán, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá to méjì-mẹ́ta pọ̀, ẹni tó mọṣẹ́ á débẹ̀ láì làágùn. Èkejì yìí le, torí gbogbo nǹkan ló ń dà bí ohun tó rọrùn lẹ́yìn tẹ́nì kan bá ti ṣe é tán. Ní 1997, wọ́n wọ́gi lé e.

Ẹ jẹ́ ká bọ̀ wálé. Niprisan, oògùn fòníkú-fọ̀ladìde: ọwọ́ àlùfáà Ogunyale ni NIPRD l'Ábújá ti gba ìmọ̀ ẹ̀, páténtì Amẹ́ríkà sì jáde ní 1998. Iyèré, osùn, kànáfùrù, ewé ọkà bàbà. Èwo nínú ẹ̀ ló ṣàjèjì lọ́jà Ìjẹ̀bú-Igbó? Síbẹ̀, pé èèyàn mọ iyèré ò ní kó mọ̀ pé kóun pò ó mọ́ osùn fún àìsàn ẹ̀jẹ̀.

Wàhálà tó wà ńbẹ̀ rèé. Tí ìyá alágbo kan l'Órù bá gbé ìlànà ẹ̀ sórí Facebook lónìí, ẹ̀rí ti wà nílẹ̀ lọ́jọ́ tí ilé iṣẹ́ kan bá fẹ́ sọ ọ́ di tiwọn. Àmọ́ lábẹ́ òfin Nàìjíríà ti 1970, òun náà ò lè gba páténtì ẹ̀ mọ́, torí kì í ṣe tuntun mọ́. Tó bá sì pa á mọ́ra, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ló máa bá dé kóòtù.

Ìyá tiyín ńkọ́, èwo lẹ máa ní kí wọ́n ṣe?