Ìdáàbòbò Ojú Ènìyàn Nínú Fọ́tò Tí A Ń Yí Ìwọ̀n Rẹ̀ Padà

Kí ọdún 2007 tó dé, ẹni tó bá fẹ́ kí fọ́tò fífẹ̀ wọ àyè tóóró, ọ̀nà méjì péré ló sábà máa ń ní. Ó lè gé etí rẹ̀ dànù, kí àwọn tó dúró ní ìparí ìlà bá a lọ. Ó sì lè fún un láti ẹ̀gbẹ́, kí gbogbo ènìyàn inú rẹ̀ di tẹ́ẹ́rẹ́, kí ojú wọn gùn ju bí Ọlọ́run ṣe dá a lọ.

Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, Shai Avidan àti Ariel Shamir gbé ọ̀nà kẹta kalẹ̀ níbi SIGGRAPH, àpérò lórí àwòrán kọ̀ǹpútà, ní ìlú San Diego, ní Amẹ́ríkà. Ilé ìwádìí Mitsubishi Electric ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ni Avidan ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Shamir jẹ́ olùkọ́ ní Herzliya, ní Ísírẹ́lì. Seam carving ni wọ́n pe ọ̀nà náà.

Ẹyọ àwọ̀ kéékèèké tí à ń pè ní píkísẹ́lì ló para pọ̀ di fọ́tò orí kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ wo bí àwọ̀ ẹyọ kọ̀ọ̀kan ṣe yàtọ̀ sí ti èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ibi tí ìyàtọ̀ bá ti pọ̀, bí etí òrùlé tàbí ẹ̀ka igi, ó kà á sí pàtàkì. Ibi tí àwọ̀ bá ti jọra, bí ojú ọ̀run tàbí iyanrìn etí òkun, kò kà á sí. Lẹ́yìn náà ni yóò wá ipa kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo ní ìlà kọ̀ọ̀kan, tó lè yà sọ́tùn-ún tàbí sósì díẹ̀díẹ̀, tí àpapọ̀ ìyàtọ̀ inú rẹ̀ kéré jù lọ. Yóò yọ ipa náà, yóò pa ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pọ̀, yóò sì tún wá òmíràn. Bí fọ́tò bá fẹ̀ ní píkísẹ́lì 1000, tí a sì fẹ́ kó di 800, ipa 200 ni yóò yọ.

Ọgbọ́n ńlá ni, ṣùgbọ́n kò mọ ènìyàn. Ẹ wo fọ́tò òde àríyá wa: léèsì àti aṣọ òkè kún fún iṣẹ́ ọnà, nítorí náà kọ̀ǹpútà á dá wọn sí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó jọ̀lọ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ jọra, ni yóò gé. Aṣọ á pé, ojú ẹni tó wọ̀ ọ́ á wọ́. Àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà mọ àléébù yìí láti ìbẹ̀rẹ̀, ìyẹn ni mo ṣe ń yìn wọ́n. Nínú ìwé wọn ti 2007, wọ́n so ètò tó ń dá ojú ènìyàn mọ̀ pọ̀ mọ́ ọn, wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kun ibi tí kò gbọ́dọ̀ gé.

Láàárín ọdún yẹn kan náà, Carlo Baldassi ṣe Liquid Rescale, tó gbé ọ̀nà náà wọ GIMP, ètò ọ̀fẹ́ fún títún fọ́tò ṣe. Níbẹ̀, èèyàn á kun ibi tó fẹ́ dá sí, á sì kun ibi tó fẹ́ kó lọ lọ́tọ̀. Avidan alára lọ sí Adobe, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe Photoshop, nígbà tó sì di 2008, Photoshop CS4 jáde pẹ̀lú Content-Aware Scale, tó ń lo irú ọ̀nà yìí. Èèyàn á yí ojú tàbí ara ká, á fi pamọ́ sí alpha channel, ìyẹn ibi tí Photoshop ń tọ́jú ohun tí a bá yí ká, á sì yan orúkọ rẹ̀ níbi tí wọ́n kọ Protect sí. Bọ́tìnnì kan tó ní àwòrán ènìyàn tún wà tó ń gbìyànjú láti dáàbò bo àwọ̀ ara. Èmi kò ní gbẹ́kẹ̀ lé e, nítorí àwọ̀ ló ń wò: ògiri amọ̀ tàbí pákó lè ṣì í lọ́nà. Ẹ fi ọwọ́ yín yí ojú náà ká.

Ní 2008 bákan náà, Shamir àti Avidan, pẹ̀lú olùwádìí mìíràn tó ń jẹ́ Rubinstein, tún ọ̀nà náà ṣe, kí kọ̀ǹpútà máa ro ohun tí yóò pàdé ara wọn lẹ́yìn tí ipa bá ti kúrò. Èyí dín bí ìlà tó gún ṣe ń ṣẹ́ kù.

Ọwọ́ tó lè dá ojú kan sí lè pa òmíràn rẹ́: bí a bá sàmì sí ènìyàn fún yíyọ, ara rẹ̀ ni àwọn ipa náà yóò máa gbà títí yóò fi pòórá. Kódà níbi tí gbogbo ojú ti pé, àyè tó wà láàárín ẹni méjì kì í ṣe bó ṣe rí mọ́. Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe lò ó rárá fún fọ́tò ìròyìn tàbí èyí tí ẹ óò gbé lọ sí ilé ẹjọ́.